Ṣé O Mọ̀? Bàtà Àyálò Ló Gbá Góòlù 13 Wọlé

Àwọn àgbà ní aṣọ àyálò kì í yẹni: bí kò bá fún ni lápá, á ṣo ni lẹ́sẹ̀. Òótọ́ ni mo ka òwe yìí sí títí di ọjọ́ tí mo bá ìtàn Just Fontaine pàdé, atamátàsé ikọ̀ Faransé. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀: 13. Iye góòlù tó gbá wọlé nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1958 ní Swídìn nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ìdí nọ́ńbà náà wò, ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹnì kan lọ, ẹni tó sì jàǹfààní rẹ̀ kò gbàgbé àwọn tó ràn án lọ́wọ́. Fìdí mọ́lẹ̀, jẹ́ kí n kà á fún ọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ? Ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ, ọdún 1933, ni wọ́n bí Fontaine ní ìlú Marrakech, ní Mòrókò. Ọmọ Faransé ni bàbá rẹ̀, ọmọ Sípéènì ni ìyá rẹ̀. Abẹ́ àṣẹ Faransé ni Mòrókò ṣì wà nígbà náà, ọdún 1956 ló tó gba òmìnira. Casablanca ni Fontaine ti kàwé, ibẹ̀ náà ló ti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní USM láti 1950 sí 1953. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ni Larbi Ben Barek, àgbà ọ̀jẹ̀ ọmọ Mòrókò, ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó kọjá sí Marseille ní 1938. Orí pápá tí akọni ti rìn kọjá ni ọmọdé yìí ti kọ́ ìrìn.

Ṣé o mọ̀ pé lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ aṣọ ikọ̀ Faransé, góòlù mẹ́ta ló fi kí wọn? Ọmọ 20 ọdún ni. Ẹgbẹ́ Nice ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un wá láti Casablanca lọ́dún náà gan-an. Ní oṣù Kejìlá 1953, Faransé na Luxembourg ní 8 sí òdo, mẹ́ta nínú rẹ̀ sì ti ẹsẹ̀ àlejò tuntun yìí jáde. O lè rò pé láti ọjọ́ náà ni àyè rẹ̀ ti dájú. Rárá o. Ó ju ọdún méjì lọ kí wọ́n tó tún ránṣẹ́ pè é. Kò torí ìyẹn káwọ́ gbera. Ó bá Nice gba ife ilẹ̀ Faransé ní 1954, ó bá wọn gba líìgì ní 1956, ó sì ti gbá góòlù 44 wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 69 kó tó dágbére fún wọn.

Ṣé o mọ̀ pé àyè ẹlòmíràn ni wọ́n rà á láti dí ní ẹgbẹ́ Reims? Raymond Kopa ni ọ̀gá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ ìdílé àlejò tó ṣẹ̀ wá láti Pólándì ni Kopa, ó sì ti wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ rí kí bọ́ọ̀lù tó yọ ọ́ kúrò nínú òkùnkùn ibẹ̀. Ní 1956, Real Madrid wá rà á lọ. Reims bá yíjú sí Fontaine. Ohun tó le ni kí wọ́n ní kí o jókòó sórí àga tí àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀, tí ìjókòó rẹ̀ ṣì gbóná. Fontaine jókòó, àga náà sì gbà á: góòlù 121 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 131. Bí o bá ro ti Nice mọ́ ti Reims, góòlù 165 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 200 ni. Nínú ikọ̀ orílẹ̀-èdè nìkan ni òun àti Kopa ti ń pàdé nígbà náà, Kopa á gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, Fontaine á fi parí iṣẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀bẹ dókítà wà lára ohun tó múra rẹ̀ sílẹ̀ fún Swídìn? Ní oṣù Kejìlá 1957, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní orúnkún. Ó di oṣù Kejì 1958 kó tó padà sórí pápá. Ẹni tó bá rí i lórí ibùsùn lọ́jọ́ náà yóò káàánú rẹ̀, àmọ́ ìsinmi tipátipá yẹn ló jẹ́ kí ara rẹ̀ jí pépé nígbà tí ó ti ń rẹ àwọn yòókù. Góòlù 34 ló fi parí líìgì sáà náà, òun ló pọ̀ jù nínú gbogbo wọn, Reims sì gba líìgì àti ife pa pọ̀. Fontaine fúnra rẹ̀ máa ń ka iṣẹ́ abẹ yẹn mọ́ oríire rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ikọ̀ tó lọ sí Swídìn ti pàdánù àwọn ènìyàn pàtàkì kí wọ́n tó gbéra? Ogun òmìnira ń lọ lọ́wọ́ ní Àlgéríà. Ní oṣù Kẹrin 1958, àwọn agbábọ́ọ̀lù ọmọ Àlgéríà tó ń jẹun lẹ́nu bọ́ọ̀lù Faransé yọ́ lọ sí Tunis láti lọ dá ikọ̀ òmìnira ilẹ̀ wọn sílẹ̀. Rachid Mekhloufi ti Saint-Étienne wà nínú wọn. Mustapha Zitouni ti Monaco, òpó ẹ̀yìn tí gbogbo ènìyàn gbà pé yóò ṣáájú ìdènà Faransé ní Swídìn, náà wà nínú wọn. Wọ́n ń rí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n kọ̀yìn sí i nítorí ilẹ̀ bàbá wọn. Mi ò lè sọ ìtàn góòlù 13 kí n fò wọ́n dá. Ìyà ayé àti ìjà òmìnira wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bọ́ọ̀lù nígbà yẹn, bí wọ́n ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lónìí.

Ṣé o mọ̀ pé Fontaine kọ́ ni wọ́n fi ipò atamátàsé sí lọ́kàn? René Bliard, tí wọ́n jọ wà ní Reims, ló ṣáájú rẹ̀. Bliard fara pa nígbà tí wọ́n ń gbára dì, ó sì ní láti padà sílé. Báyìí ni ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀rọ̀ ìdíje báyìí máa ń dùn mí díẹ̀, torí pé ọjọ́ ayọ̀ ẹnì kan lè jẹ́ ọjọ́ omijé ẹlòmíràn tí wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan náà.

Wàyí o, sún mọ́ mi, kí á jọ wo bàtà náà.

Ṣé o mọ̀ pé ní 1958, kò wọ́pọ̀ kí ilé iṣẹ́ máa fi bàtà ta agbábọ́ọ̀lù lọ́rẹ bíi tòní? Bàtà awọ ni, ó wúwo, ó sì le títí tí ẹsẹ̀ á fi tẹ̀ ẹ́ rọ̀. Kálukú ló ń di tirẹ̀ sínú báàgì bí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ dání, bí èyí tó o gbé wá bá sì bàjẹ́ lẹ́yìn odi, ọ̀ràn dé nìyẹn. Ní Swídìn, nígbà tí ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀, bàtà Fontaine ya níbi ìgbaradì. Ó wo bàtà, ó wo ẹsẹ̀. Ó wá ku kí ó máa wo ẹsẹ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àgọ́, ta ni tirẹ̀ á bá tèmi dọ́gba? Stéphane Bruey ni. Atamátàsé ni Bruey náà, ọ̀kan lára àwọn tó ń dúró de ìgbà tí wọn yóò pe orúkọ wọn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé e fún ẹni tó ti wọlé ṣáájú rẹ̀.

Rò ó wò. Ẹni tí àwa méjèèjì jọ ń wá ipò kan ṣoṣo, òun ni mo tún fẹ́ yá ní bàtà? Bruey yá a. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni Fontaine fi bàtà náà gbá. Nígbà tó dàgbà, ó máa ń sọ pé inú òun ń dùn sí i pé àlá àti ẹ̀mí ènìyàn méjì ló wà nínú bàtà kan náà, pé bóyá ìyẹn gan-an ló bí díẹ̀ nínú àwọn góòlù ọ̀hún.

Ṣé o mọ̀ pé kò sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan tó fi ẹsẹ̀ òfo kúrò lórí pápá? Bó ṣe lọ nìyí. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, ní Norrköping, Faransé na Páráguáì ní 7 sí 3, mẹ́ta jẹ́ ti Fontaine. Yugosláfíà fi 3 sí 2 borí wọn, òun ló sì gbá góòlù méjèèjì Faransé. Wọ́n borí Skọ́tlándì ní 2 sí 1, Kopa gbá ọ̀kan, Fontaine gbá ọ̀kan. Wọ́n na Áílándì Àríwá ní 4 sí òdo, ó gbá méjì. Lọ́wọ́ Bràsíl, ọ̀kan. Lọ́wọ́ Ìwọ̀-oòrùn Jámánì, mẹ́rin. Kà á wò: 13. Góòlù 23 ni gbogbo ikọ̀ Faransé gbá wọlé nínú ìdíje náà. Bràsíl tó gba ife, 16 ni tiwọn.

Ṣé o mọ̀ pé Fontaine lẹni àkọ́kọ́ tó já àwọ̀n Bràsíl lọ́dún yẹn? Kí wọ́n tó pàdé Faransé ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, Bràsíl ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin láìjẹ góòlù kan. Austria kò lè ṣe é, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣe é, Sófíẹ̀tì kò lè ṣe é, Wales kò lè ṣe é. Ní Stockholm, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà, Vavá gbá ti Bràsíl wọlé ní ìṣẹ́jú kejì. Kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Fontaine ti dá a padà, ó di 1 sí 1.

Ìgbà yẹn ni nǹkan yíwọ́. Robert Jonquet, balógun ikọ̀ Faransé tó jẹ́ odi ẹ̀yìn wọn, forí kó Vavá, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́. Láyé ìgbà náà, òfin kò gbà kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tó fara pa. Ọdún 1970 ni Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé tó fàyè gba àrọ́pò. Jonquet padà wá, ó ń tiro ní ẹ̀gbẹ́ pápá, ikọ̀ ẹni 10 ni Faransé fi kojú Didi, Garrincha àti ọmọ ọdún 17 kan tí wọ́n ń pè ní Pelé. Pelé gbá mẹ́ta wọlé. Ó parí sí 5 sí 2. Kò sẹ́ni tó lè sọ bí ì bá ti rí ká ní ẹsẹ̀ Jonquet kò ṣẹ́, mo kàn mọ̀ pé ọkùnrin tó ń tiro títí fèrè ìparí fi dún yẹ lẹ́ni tí à ń dárúkọ.

Ṣé o mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí góòlù náà jẹ́ 14? Ní Gothenburg, nígbà tí wọ́n ń du ipò kẹta, Faransé rí pẹ́náritì gbà. Kopa ló gbá a, ó wọlé, Fontaine kò sì bá a du ú. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀, ó fi góòlù mẹ́rin parí ọjọ́ náà, Faransé borí Ìwọ̀-oòrùn Jámánì ní 6 sí 3. Ẹ̀bùn ńkọ́? Bàtà wúrà tí wọ́n ń fún atamátàsé tó ta yọ lóde òní kò tíì sí. Ìwé ìròyìn kan ní Swídìn ló fi ìbọn kan ta á lọ́rẹ. Ìbọn fún ẹni tí a ń pè ní atamátàsé: àwọn ará Swídìn kò mọ èdè Yorùbá, síbẹ̀ ẹ̀bùn wọn bá orúkọ mu.

Ṣé o mọ̀ bí òkè tó gùn ṣe ga tó? Sándor Kocsis ti Họ́ngárì gbá 11 wọlé ní 1954. Eusébio gbá 9 ní 1966. Gerd Müller gbá 10 ní 1970. Láti ìgbà náà títí dé ìdíje ọdún 2022, kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kan 10: 8 ni Ronaldo ti Bràsíl rí ní 2002, 8 náà ni Mbappé rí ní 2022, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje-méje sì ni wọ́n gbá. Lionel Messi pé góòlù 13 nígbà tí ìdíje ọdún 2022 parí, àmọ́ ìdíje 5 àti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 26 ló fi kó wọn jọ. Oṣù kan péré, kò tilẹ̀ pé oṣù kan, ni Fontaine fi ṣe tirẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ní 1959, Kopa tó ń gbé bọ́ọ̀lù fún un ní Swídìn di alátakò rẹ̀? Fontaine gbá góòlù 10 wọlé nínú ife àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù sáà náà, òun ló pọ̀ jù, Reims sì dé àṣekágbá ní Stuttgart. Real Madrid ló dúró dè wọ́n níbẹ̀, Kopa sì wà lára wọn. Madrid borí ní 2 sí òdo. Lẹ́yìn ìyẹn ni Kopa padà sí Reims, tí àwọn méjèèjì wá ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ kan náà níkẹyìn. Ó yẹ kó pẹ́. Kò pẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ọdún 28 ni nígbà tó fẹ̀yìn tì? Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta 1960, nígbà tí wọ́n ń bá Sochaux gbá, egungun méjèèjì inú ojúgun rẹ̀ ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Pẹ̀lú bẹ́ẹ̀, góòlù 28 tó ti gbá wọlé kí ọjọ́ náà tó dé ṣì ló pọ̀ jù nínú líìgì sáà yẹn. Ó tọ́jú ẹsẹ̀, ó padà, ó tún wọ aṣọ Faransé ní oṣù Kejìlá. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1961, ẹsẹ̀ náà tún ṣẹ́ níbì kan náà. Ó gbìyànjú títí di 1962, ó sì gbà fún kádàrá. Góòlù 30 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 21 ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún Faransé. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ìgbésí ayé agbábọ́ọ̀lù dùn, sọ fún un pé lórí egungun kan tí kò ju ìka mélòó kan ní ìbú ló gbé ilé rẹ̀ kọ́.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ló kàn yìí. Ṣé o mọ̀ pé orí ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ yẹn ni Fontaine wà nígbà tó dìde jà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀? Ní Faransé ìgbà náà, bí ọ̀dọ́ kan bá fọwọ́ síwèé pẹ̀lú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, ó ti di tiwọn títí di ọmọ ọdún 35. Ẹgbẹ́ lè tà á fún ẹni tó wù wọ́n, níbi tó wù wọ́n, láìbi í léèrè. Kopa sọ ọ́ síta ní 1963 pé ẹrú ni agbábọ́ọ̀lù, ariwo sì sọ káàkiri.

Ní oṣù Kọkànlá 1961, wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀, UNFP. Ẹni tó gbé èrò náà kalẹ̀ ni Eugène N'Jo Léa, ọmọ Kamẹrúùnù tó gba líìgì pẹ̀lú Saint-Étienne ní 1957, tó sì ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Fontaine ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ọmọ Kamẹrúùnù àti ọmọ tí wọ́n bí ní Marrakech, àwọn ló jọ gbé ọ̀rọ̀ náà lérí. Ó di 1969 kí agbábọ́ọ̀lù Faransé tó ní ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ síwèé fún iye ọdún tí òun àti ẹgbẹ́ bá jọ fẹnu kò sí. Fontaine ti fẹ̀yìn tì tipẹ́ nígbà náà. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló jẹ èso igi tó gbìn.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó dáwọ́ lé ló yọrí? Wọ́n fi ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá Faransé ní 1967. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì péré ni, wọ́n fìdí rẹmi nínú méjèèjì, wọ́n sì ní kó máa lọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ ọ̀dọ́langba kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970, Paris Saint-Germain, gòkè padà sí líìgì àgbà ní 1974.

Ṣé o mọ̀ pé Fontaine ti ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Ìbàdàn rí? Ní oṣù Kẹta 1980, Nàìjíríà gbàlejò Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà, ní Èkó àti Ìbàdàn. Mòrókò, ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí, ti fa ikọ̀ wọn lé e lọ́wọ́ lẹ́yìn tí Àlgéríà nà wọ́n ní 5 sí 1 nílé wọn ní Casablanca. Pápá Ìṣeré Liberty, tí à ń pè ní Pápá Ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, ni ìpín wọn bọ́ sí. Wọ́n gbá ọ̀mì 1 sí 1 pẹ̀lú Gínì, Àlgéríà fi góòlù kan borí wọn, àwọn náà fi góòlù kan borí Gánà tó gba ife tó ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rìn dé Sùúrùlérè ní Èkó láti pàdé àwa onílé.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tíì pé nígbà tí Felix Owólabí, ọmọ ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn, gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Góòlù kan náà ló gbé Nàìjíríà dé àṣekágbá, níbi tí a ti na Àlgéríà ní 3 sí òdo, tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí sì gbá méjì wọlé. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìyẹn, Mòrókò fi 2 sí òdo borí Íjíbítì, wọ́n gba ipò kẹta. Ipò kẹta kan náà tí Fontaine gbà ní Swídìn ní ọdún 22 sẹ́yìn ló tún gbà ní Èkó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ló jókòó sí Liberty, tí ọkùnrin tó ní góòlù 13 náà sì wà níwájú wọn, tó ń tọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ ìbí rẹ̀ sọ́nà.

Just Fontaine dágbére fáyé ní Toulouse ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, ọdún 2023. Ẹni ọdún 89 ni.

Ohun kan ló kù kí n sọ. Ṣé o mọ̀ ibi tí bàtà yẹn já sí? Kò gbé e sínú àpótí gíláàsì, kò sì tà á. Nígbà tí ìdíje parí ní Swídìn, ó dá a padà fún Stéphane Bruey. Góòlù 13 ni Fontaine mú lọ sílé. Bruey gba bàtà rẹ̀.